Afárá Tí A Fọwọ́ Sí Lẹ́ẹ̀mejì

Kò dá mi lójú. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí ó bá ń ka ìtàn yìí má baà rò pé mo mọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo mọ ohun tí Ọ̀gá Àgbà ṣe, mo mọ ohun tí ó sọ, mo tilẹ̀ mọ ohun tí ó ń rò nígbà tí ó bá dá wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ń sọ ìtàn ni a máa ń fún ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá. Ṣùgbọ́n bóyá ìgbéraga ni ó gbé e ṣubú, àbí ìbẹ̀rù tí ó yá aṣọ ìgbéraga wọ̀, ìyẹn ni kò dá mi lójú. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ náà, kí ẹ̀yin fúnra yín bá mi dá a.

Ọ̀gá Àgbà ni olórí iléeṣẹ́ tí ń bójú tó àwọn iṣẹ́ ńláńlá ìlú: ojú ọ̀nà, afárá, ilé omi. Kì í ṣe òun ni ó ń ya àwòrán iṣẹ́, kì í ṣe òun ni ó ń po kọnkéré. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó fọwọ́ sí i. Àwòrán tí kò bá ní ọwọ́ rẹ̀ lára, agbaṣẹ́ṣe kankan kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀. Ìlànà tí ó dára ni, kò sì sí àléébù níbẹ̀. Àléébù bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà.

Nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ iṣẹ́, ìbuwọ́lù rẹ̀ kò ju kòkòrò kékeré kan lọ ní igun ìwé. Nígbà tí wọ́n gbé e ga, kòkòrò náà yọ ìwo. Nígbà tí wọ́n tún gbé e ga, ó yọ ìrù. Nígbà tí ó fi di Ọ̀gá Àgbà pátápátá, ìrù náà a máa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìwé, a gba orí àwọn ìwọ̀n kọjá, a lọ́ mọ́ òpó afárá, a sì wá sinmi lẹ́bàá àkọlé. Yíǹkì elésè àlùkò ni ó ń lò, ẹlòmíràn nínú iléeṣẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ lò ó, àní láti fi kọ ìwé ìsinmi. Agbaṣẹ́ṣe kan tilẹ̀ wà tí ó gbẹ́ gọ́tà tẹ̀lé ìrù ìbuwọ́lù náà, ó rò pé ara iṣẹ́ ni. Gọ́tà ọ̀hún wà níbẹ̀ títí di òní. Ó lọ́ bí ejò tí ń sùn, kò sì gbé omi lọ síbì kankan. Wọ́n mú Ọ̀gá lọ wò ó, wọ́n rò pé ojú yóò tì í. Ó dúró létí rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ẹ ò rí i bó ṣe rẹwà tó!" ni ó wí.

Ìfọwọ́sí fúnra rẹ̀ ní ètò. Gbogbo òṣìṣẹ́ tí ó bá wà nítòsí á dìde. Akọ̀wé Ọ̀gá, tí gbogbo ilé mọ̀ sí Bẹ́ẹ̀-ni-Sà nítorí pé kò sí ẹni tí ó rántí ọjọ́ tí ó sọ ohun mìíràn, á gbé àwòrán wọlé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á ṣí ìdérí gègé, á sì padà sẹ́yìn láìkọ ẹ̀yìn sí Ọ̀gá. Ọ̀gá á gbé apá sókè, á yí ọrùn ọwọ́, á sọ̀kalẹ̀ sórí ìwé. Nígbà tí ó bá parí, gbogbo wọn á mí kanlẹ̀.

"Ọwọ́ yìí, sà," Bẹ́ẹ̀-ni-Sà á wí, "bó bá kan òkúta, òkúta á hu ewé."

"O ti tún bẹ̀rẹ̀ àsọdùn rẹ," Ọ̀gá á dáhùn. Lẹ́yìn náà á dẹ etí sílẹ̀, bóyá yóò tún un sọ.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ara rẹ̀ ní A-fọwọ́-sí-má-yẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kàn bá a ṣe àmín ni.

Wàyí o, odò kan la ìlú náà sí méjì. Ilé ìwòsàn ojú wà ní apá ìhín, níbi tí iléeṣẹ́ Ọ̀gá wà. Ilé ìyá Ọ̀gá wà ní apá ọ̀hún. Ojú ìyá ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Dókítà sì ti sọ pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ó máa wá gba ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí di òpin rẹ̀, bí kò bá fẹ́ kí ojú ọ̀tún fọ́ pátápátá. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń sọdá, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti mú odò kún, ọlọ́kọ̀ a dojú ọkọ̀ rẹ̀ délẹ̀, a lọ sùn. Ìdí nìyẹn tí inú Ọ̀gá fi dùn nígbà tí ìlú pinnu láti kọ́ afárá. Ó fọwọ́ sí àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ìrù tí ó gùn ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe méjì: ọ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀hún, èkejì láti apá ìhín, wọn ó sì pàdé ní àárín odò.

Agbaṣẹ́ṣe apá ọ̀hún jẹ́ oníwàdùwàdù ènìyàn. Ó ti ri òpó mọ́lẹ̀ kí ti apá ìhín tó kó irinṣẹ́ débẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni awọnlẹ̀ iléeṣẹ́ rí ìlà ẹrẹ̀ gbígbẹ lára àwọn àpáta etí odò, ní òkè fíofío. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ibi tí omi dé nígbà kan rí nìyẹn, ó sì ga ju afárá inú àwòrán lọ. Wọ́n tún àwòrán yà, wọ́n gbé afárá náà sókè ní ìwọ̀n gíga tí yóò dé àgbàlagbà láyà. Àtúnṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹnjiníà. Ilẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti ya àwòrán tán, ọlọ́gbọ́n a sì gbọ́.

Obìnrin kan ni Olùtọ́jú Àwòrán ní iléeṣẹ́ náà. Òun ni ó gbé àwòrán tuntun wọlé ní ọjọ́ náà, pẹ̀lú ti àtijọ́ lábẹ́ apá, àti òǹtẹ̀ pupa kan lọ́wọ́. Ọ̀gá fi ayọ̀ fọwọ́ sí ti tuntun. Òkúta hu ewé. Obìnrin náà wá tẹ́ ti àtijọ́ sílẹ̀, ó sì gbé òǹtẹ̀ sókè.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Ọ̀gá béèrè.

"Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lé ti àtijọ́ ni, sà. Ohun tí àdéhùn iṣẹ́ wí nìyẹn. Bí tuntun bá jáde, ká kó ti àtijọ́ kúrò lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ní in, ká sì tẹ̀ ẹ́ lórí pé a ti fagi lé e. Kó má baà sí àwòrán méjì lójú iṣẹ́ kan."

"Ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lé ọwọ́ mi?"

"Àwòrán ni mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lé, sà. Ọwọ́ yín ló gba gbogbo àyè."

Ọ̀gá dìde. Nígbà tí Ọ̀gá bá dìde, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ nìyẹn. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ti ń wá ibi tí wọn ó fara tì.

"Ẹ gbọ́ mi, gbogbo yín! Ọjọ́ tí mo fọwọ́ sí ìwé yẹn, ṣé mo ń tòògbé ni? Ṣé ibà ń ṣe mí ni? Ṣé ẹlòmíràn ló yá mi lọ́wọ́ ni? Bí a bá fagi lé ọwọ́ àná, ta ni yóò gba ọwọ́ òní gbọ́? Ǹjẹ́ ẹ ti rí bàbá tí ó bí àbúrò tán, tí ó wá ní kí ẹ̀gbọ́n ó kú? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri: ohun tí mo bá ti fọwọ́ sí kò ní ọjọ́ ikú!"

"Kò ní in, sà!" ni Bẹ́ẹ̀-ni-Sà wí, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n á wà, àbúrò á wà!"

Olùtọ́jú Àwòrán dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. "Èwo wá ni kí wọ́n fi ṣiṣẹ́, sà?"

"Méjèèjì."

"Afárá kan ṣoṣo ni, sà."

"Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìyáàfin."

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ tibí yìí, sà. Ìdí tá a fi ń kọ́ afárá nìyẹn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́. Ọ̀gá na ọwọ́, ó gba òǹtẹ̀ pupa náà, ó jù ú sínú àpótí tábìlì, ó tì í pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò àyà. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí àwòrán kan tí ó kú mọ́ nínú iléeṣẹ́ náà. Èyí tí wọ́n tún yà lẹ́ẹ̀mẹ́ta wà láàyè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Yàrá ìkówèésí kún dé àjà, bí ilé tí wọn kì í sìnkú nínú rẹ̀.

Mo ti bi ara mi léèrè bóyá obìnrin náà ṣe tó. Ó rékọjá odò, ó lọ bá agbaṣẹ́ṣe apá ọ̀hún lójú iṣẹ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró.

"Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti fagi lé tọwọ́ mi ni?" ọkùnrin náà béèrè.

"Wọn ò tíì fagi lé e."

"Ọwọ́ Ọ̀gá kọ́ nìyí lára rẹ̀?"

"Ọwọ́ wọn ni."

"Mo ti ri òpó mọ́lẹ̀ dé ìdajì. Tí mo bá gbé e ga, tí wọ́n wá ní ta ló rán mi ńkọ́? Ẹ lọ bá mi gba ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu wọn. Èmi á tú u lọ́jọ́ náà."

Ó padà, kò rí ọ̀rọ̀ náà gbà. Agbaṣẹ́ṣe apá ìhín ní tirẹ̀ mú àwòrán tuntun. Àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ du iṣẹ́ náà, nítorí náà, olúkúlùkù ń ṣe ohun tí Ọ̀gá fọwọ́ sí pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Afárá ń bọ̀ láti ìhín, afárá ń bọ̀ láti ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ara wọn tó kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa kí ara wọn, wọ́n rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ti òkè.

"Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, ẹ kú ìlóṣòó o!"

"Ẹ̀yin ará òkè, nígbà tí ẹ ti dé ọ̀run, ẹ bá wa kí àwọn baba wa!"

Ìròyìn dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá pe ìpàdé pàjáwìrì, kì í ṣe láti wá ohun tí wọn yóò ṣe sí i, bí kò ṣe láti wá orúkọ tí wọn yóò sọ ọ́. Wọ́n jókòó títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Ẹnì kan ní kí wọ́n pè é ní Afárá Ìgbéga, nítorí pé ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti ọ̀hún yóò ga sí i ní àárín ọ̀nà. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀.

"Ẹni tó ń bọ̀ láti ìhín ńkọ́, sà?" Olùtọ́jú Àwòrán béèrè.

"Ìyẹn yóò kọ́ ìrẹ̀lẹ̀."

"Ọkọ̀ ńkọ́, sà?"

"Kí àwọn èrò sọ̀ nínú ọkọ̀ kan, kí wọ́n gba àkàsọ̀, kí wọ́n sì wọ òmíràn. Ó ń mú orúnkún le. Ẹ fi rọ́ọ̀gì pupa bo àkàsọ̀ náà."

"Kò sí ìlú mìíràn tó ní irú rẹ̀, sà!" ni Bẹ́ẹ̀-ni-Sà wí.

"Ìyẹn náà kò ní ṣàìnídìí," ni obìnrin náà wí sínú àwòrán rẹ̀.

Wọ́n dá ọjọ́ ìṣíde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn ni ìyá Ọ̀gá pè é lórí fóònù.

"Ọkọ mi, afárá ńkọ́?"

"Ó ti parí, Màmá. Ó ku… ó ku ọ̀ṣọ́ díẹ̀ ni."

"Ọlọ́kọ̀ ti ń sọ pé òun máa tó dá ọkọ̀ òun dé. Òjò ti ṣú lápá òkè. Mi ò fẹ́ fọ́ lójú o, ọmọ mi. Mo ṣì fẹ́ mọ ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ́kọ́ rìn ín, Màmá. Mo ti fọwọ́ sí i."

"Mo gbọ́ pé o ti fọwọ́ sí i. Ṣé wọ́n ti kọ́ ọ?"

Lẹ́yìn tí ó gbé fóònù sílẹ̀, Ọ̀gá ṣí àpótí tábìlì, ó wo òǹtẹ̀ pupa náà. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Mo rí i tí ó gbé e lọ́wọ́, tí ó wọ̀n ọ́n, bí ẹni pé ó wúwo. Ó tún dá a padà, ó tì í. Ibí yìí ni iyèméjì mi ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó fa àpótí náà wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá ó ti tì ní tòótọ́; onígbéraga kì í sì í bẹ̀rù òǹtẹ̀ lásán.

Ọjọ́ ìṣíde pé. Ojú ọ̀run ṣú, odò ti pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, ó sì ń hó. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ni atẹ́gùn ti gbé àkàsọ̀ jù sómi. Rọ́ọ̀gì pupa rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn rí tí ó ń wọ́ lọ lójú omi, bí aṣọ ẹni tí ó sá lọ. Alága Ìgbìmọ̀ Ìlú ti dé, àgbà ọkùnrin kan tí kì í sọ ju ohun tí ó bá fẹ́ sọ. Àwọn agbaṣẹ́ṣe méjèèjì dúró ní ìhà tiwọn. Ọ̀gá bọ́ sí ìparí apá gíga, Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ń gbé agbòòrùn lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ọjọ́ tí a bá sọ ìtàn ìdàgbàsókè, tí a sọ ìtàn ìran, tí a sọ ìtàn gègé àti yíǹkì…"

Nígbà náà ni àbúrò rẹ̀ obìnrin fa ìyá wọn lọ́wọ́ dé ìparí apá ìsàlẹ̀. Àpò ilé ìwòsàn wà léjìká ìyá. Ó na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ sì kan irin àti kọnkéré apá gíga tí ó dúró sójú ọ̀nà. Ó fọwọ́ pa á lára láti ọ̀tún dé òsì.

"Kí ni ògiri ń wá lórí afárá?" ni ó béèrè.

Ó gbé ojú sókè sí òjìji tí ó rí lókè.

"Ọkọ mi, ṣé ìwọ nìyẹn? Ṣé èmi ni mo kúrú ni, àbí ìwọ lo ga jù?"

"Màmá, wọn ó fà yín sókè. Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ẹ fa Màmá…"

"Lónìí wọ́n á fà mí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni dókítà wí, kò sọ pé kí wọ́n máa fà mí bí àpò sìmẹ́ńtì."

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ibi tí Màmá dúró sí yẹn á ti wà lábẹ́ omi," ni awọnlẹ̀ wí jẹ́jẹ́.

Alága Ìgbìmọ̀ yíjú sí àwọn agbaṣẹ́ṣe. "Àwòrán wo ló wà lẹ́nu iṣẹ́?"

Olúkúlùkù na tirẹ̀ sókè. Ìrù elésè àlùkò ń fẹ́ nínú atẹ́gùn ní ìhín, ó ń fẹ́ ní ọ̀hún.

"Ọba kì í pé méjì láàfin," ni Alága wí. "Ṣé apá ìsàlẹ̀ yẹn ṣe é gbé sókè kí odò tó kún?"

"Kireni tí mo fi ń gbé irin ṣì wà níbí, sà," agbaṣẹ́ṣe apá ọ̀hún kígbe dáhùn. "A ó ká irin orí rẹ̀ kúrò, a ó fi kún òpó, a ó dá irin padà. Tá a bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, a ó bá a. Tó bá di ọ̀la, kireni ò ní lè dúró létí omi mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ kan ohun tí Ọ̀gá fọwọ́ sí. Bí òǹtẹ̀ ò bá sí nítòsí, ẹnu ẹni tó fọwọ́ sí i ló gbọdọ̀ fagi lé e, ká jọ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn wí."

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀gá.

"Bí mo bá… bí ẹnìkan bá fagi lé e," ni ó béèrè lọ́wọ́ Alága, ohùn rẹ̀ ti tín-ínrín, "kí ni yóò gbẹ̀yìn ẹni náà?"

"Ẹni tó jẹ́ kí àwòrán méjì wà láàyè lójú iṣẹ́ kan kò ní fọwọ́ sí ẹ̀kẹta. Ẹ ó kó ẹrù yín kúrò lórí àga. Mi ò ní tàn yín jẹ."

"Bí n kò bá fagi lé e?"

"A jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó di ẹjọ́. Àga á dúró dè yín títí ẹjọ́ á fi parí. Odò kì í dúró de ẹjọ́."

Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá yíjú sí akọ̀wé rẹ̀, ẹni tí ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. "Kí ni kí n ṣe?" ni ó béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-Sà dáhùn.

Mo rò pé ìgbà yẹn ni ó kọ́kọ́ gbọ́ bí ilé tí ó kọ́ yí ara rẹ̀ ká ti ṣófo tó. Mo rò bẹ́ẹ̀ ni. Kò dá mi lójú. Ohun tí mo rí ni pé ó kúrò lábẹ́ agbòòrùn. Òjò ti ń kán. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kékeré kan, ó sì nà án sí Olùtọ́jú Àwòrán láìwo ojú rẹ̀. Obìnrin náà gbà á, kò sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wá kúnlẹ̀ sí etí ibi tí afárá tirẹ̀ parí sí, kí ojú rẹ̀ lè sún mọ́ ojú ìyá rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan sínú atẹ́gùn.

"Mi ò gbọ́!" ìyá kígbe. "Odò ń pariwo!"

Ó tún un sọ. Agbaṣẹ́ṣe apá ọ̀hún fọwọ́ sétí, ó mi orí pé òun náà kò gbọ́.

"Sọ ọ́ sókè, ọmọ mi! Nígbà tí ò ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ṣebí gbogbo ayé ló ń gbọ́!"

Ọ̀gá Àgbà di etí afárá mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kò sí gègé níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó dìde fún un, nítorí pé gbogbo ènìyàn ti wà ní ìdúró tẹ́lẹ̀.

"Àwòrán àkọ́kọ́, Màmá! Èyí tí mo fọwọ́ sí! Mo ní mo fagi lé e!"